Nítorí Ara Kíkan, Mo Ka Ìwé Mìíràn fún Aya Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹ bá parí rẹ̀ tí ẹ sì fẹ́ bú mi, ẹ má ṣe wàhálà. Mo ti bú ara mi tó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò sọ ọ́ níbi iṣẹ́ mi rí, nítorí èmi kì í ṣe ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń ní ọjọ́ tí mo bá sọ gbólóhùn mẹ́ta, òjò á rọ̀.

Lébìrà ni mí. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí n tó kúrò nílé ìwé. Láti ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fi ásíìdì bó ìpẹtà kúrò lára páìpù irin. Omi tí wọ́n bá fi ṣan àwọn páìpù náà á ṣàn lọ sínú kòtò sìmẹ́ǹtì ńlá kan lẹ́yìn ilé. Èmi ni mo ń ṣọ́ kòtò yẹn.

Omi inú rẹ̀ kan débi pé ó lè jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. A kò gbọ́dọ̀ tú u sí gọ́tà bẹ́ẹ̀. Màá da èròjà funfun kan tó dà bí ẹfun sí i, màá fi ọ̀pá gígùn rò ó, lẹ́yìn náà màá ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́. Bí bébà bá pupa, omi ṣì kan. Bó bá di àwọ̀ ewé, ó ti ṣe déédéé. Bó bá di àwọ̀ aró, mo ti da ẹfun jù, omi ti dà bí omi eérú, ìyẹn náà sì ń bó èèyàn lára. Ahọ́n là ń pe bébà yẹn, torí òun ló ń bá wa tọ́ ohun tí ahọ́n èèyàn kò gbọ́dọ̀ tọ́.

Òfin kan wà tí mo máa ń kọ́ gbogbo ẹni tuntun tó bá wọṣẹ́: má ti ahọ́n bọ ẹnu páìpù tí omi ń gbà jáde. Rò ó dáadáa, kí o tọ́ ọ wò láàárín kòtò. Ẹnu páìpù lè mọ́ lóló kí inú kòtò máa hó.

Ẹ bá mi fi òfin yẹn sọ́kàn. Èmi tí mo ń fi kọ́ni ni mo gbàgbé rẹ̀ nínú ilé ara mi.

Aya mi kò rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n la ti wà pọ̀, àwọn ọmọ wa ti lọ sọ́nà jíjìn, àwa méjì ló kù nínú yàrá àti pálọ̀. Bébà yòówù tó bá wọlé wa, èmi ni mo ń kà á: lẹ́tà àwọn ọmọ, ara ìgò oògùn, títí dé ara ọ̀rá ọṣẹ. Mo máa ń kà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, aya mi á sì dúró dè mí.

“Baálé mi,” á ní, “ojú yín lojú mi.”

Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń mú orí mi wú. Lẹ́nu iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń bi mí pé kí ni mo rò. Nílé, ọ̀mọ̀wé ni mí.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni dókítà sọ fún wa pé kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti rẹ̀. Ó kọ oògùn fún un, obìnrin kan tó ń bójú tó oúnjẹ aláìsàn sì fún wa ní ìwé kan. Nọ́ọ̀sì Oúnjẹ là ń pè é. Ohun tí aya mi kò gbọ́dọ̀ jẹ ló wà níbẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, tòmátì, omi àgbọn, píà, ẹ̀fọ́ tí wọn ò bọ̀ kí wọ́n da omi rẹ̀ nù.

“Màmá, bí ẹ bá tẹ̀ lé ìwé yìí, tí ẹ ń lo oògùn yín,” ó ní, “a lè má dé ìdí ẹ̀rọ fún ìgbà pípẹ́.”

Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ. A ti kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. A rí àwọn èèyàn tí wọ́n nà gbalaja, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń gba inú rọ́bà jáde, tó ń gba inú rọ́bà wọlé. Aya mi di ọrùn ọwọ́ mi mú.

“Ẹ má jẹ́ kí n dé ibẹ̀ yẹn.”

“O ò ní débẹ̀,” ni mo wí. “Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé.”

Mo kan ìwé náà mọ́ ògiri ilé ìdáná. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni oúnjẹ tí aya mi fẹ́ràn jù láyé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò fi ẹnu kàn án. Bó bá rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn, á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ọ̀tá mi rèé, ẹ wò ó bó ṣe lẹ́wà.”

Ọdún kan àtààbọ̀ la fi rìn báyìí, èsì àyẹ̀wò rẹ̀ kò sì burú.

Ọjọ́ kan wá ni dókítà wo èsì tuntun, ó fi bírò kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. “Ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń kan díẹ̀.”

Mo gbé orí sókè. “Kíkan bíi ti ásíìdì?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ó fara jọ ọ́, bàbá. Kíndìnrín ló ń mú kí ó ṣe déédéé. Tiwọn kò lágbára mọ́. Mo ti fi oògùn kan kún un tí yóò ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹ má pa ìwé oúnjẹ yẹn tì o.”

Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ aya mi ń kan. Èmi tí mo ti ń wo ohun kíkan sàn láti ọdún mọ́kàndínlógún!

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Wọ́n-ní gbé ìwé tirẹ̀ dé.

Wọ́n-ní ló ń wa ọkọ̀ tó ń gbé páìpù nílé iṣẹ́ wa. Ìdí tá a fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan rí tí kò fi “wọ́n ní” bẹ̀rẹ̀. Ó bá mi níbi tí mo ti ń jẹun ọ̀sán lórí garawa tí mo dojú rẹ̀ bolẹ̀.

“Wọ́n ní ara kíkan ni gbogbo àrùn ti ń wá.”

“Ta ni wọ́n?”

“Àwọn tó mọ̀ ni.”

“Orúkọ wọn ńkọ́?”

“Ìwọ náà, o kì í sọ̀rọ̀, ọjọ́ tó o bá wá sọ ọ́, o máa ń dà bí ọlọ́pàá. Gbà, kà á.”

Ìwé pẹlẹbẹ kan ni, ó fẹ̀ tó ti ilé ìwòsàn gẹ́lẹ́. Ìlà méjì ló wà nínú rẹ̀. Ní apá òsì, wọ́n to ohun tó ń mú ara kan: ẹran, ẹyin, búrẹ́dì, ìrẹsì, ṣúgà. Ní apá ọ̀tún, wọ́n to ohun tó ń sọ ara di alikáláìnì, ìyẹn òdìkejì kíkan, bí eérú ṣe jẹ́ òdìkejì ọtí kíkan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọsàn, tòmátì, omi àgbọn, píà àti ẹ̀fọ́ tútù. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n ní kí èèyàn máa fi bébà aláwọ̀ dán ìtọ̀ rẹ̀ wò láràárọ̀, bó bá ti di àwọ̀ aró, àrùn ti ń lọ nìyẹn.

Bébà aláwọ̀ kẹ̀. Ahọ́n wa!

Wọ́n-ní rí ojú mi. “Ìwọ tó ò ń tún omi kòtò ṣe láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, o ò lè tún ti ìyàwó ẹ ṣe? Àbí ara èèyàn le ju páìpù lọ ni?”

Ẹ̀yin náà ti rí i. Gbogbo ohun tó wà lápá ọ̀tún ìwé yẹn ni ilé ìwòsàn kà léèwọ̀ fún aya mi. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n ìgbéraga ti gùn mí. Mo ní bóyá ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ń kan: wọ́n ti gba gbogbo ohun tó lè pa kíkan kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìwé yẹn fi wà nínú àpò mi. Mo rò ó pé kí n bi dókítà. Mo tún ní, ta ni lébìrà tí yóò máa yẹ dókítà wò? Kò sì jẹ́ pé mo kàn bẹ̀rù pé yóò fi mí ṣẹ̀sín. Ohun tí mo bẹ̀rù jù ni pé yóò sọ pé rárá.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo ki páálí ahọ́n kan sínú bàtà mi níbi iṣẹ́, mo gbé e wálé. Olè jíjà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí aya mi tọ̀ sínú ike.

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

“Ilé ìwòsàn ló ní kí n máa wò ó.”

Mo ti bébà bọ̀ ọ́. Ó di àwọ̀ ìyeyè, tó wà láàárín pupa àti àwọ̀ ewé. Kíkan ni! Mo jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Bébà yìí kò parọ́ fún mi rí láti ọdún mọ́kàndínlógún.

Mo lọ sílé ìdáná, mo yọ ìwé ilé ìwòsàn lórí ìṣó, mo fi ti Wọ́n-ní kọ́ ojú ìṣó kan náà. Aya mi wọlé bá mi níbẹ̀.

“Kí lẹ̀ ń ṣe sí ìwé wa?”

“Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀. Tuntun rèé.”

Ó sún mọ́ ògiri. Ó wo àwọn lẹ́tà bí ẹni ń wo kòkòrò. “Ṣé ti ilé ìwòsàn ni?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó bi mí léèrè. Bí kò bá bi mí, ọ̀ràn náà ì bá fúyẹ́ díẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni mo wí.

“Ẹ kà á fún mi.”

Mo kà á. Mo fi ìka tọ ìlà apá ọ̀tún láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ní èyí ni kó máa jẹ. Nígbà tí mo dórí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ẹ tún ibẹ̀ kà.”

“Ọ̀gẹ̀dẹ̀.”

Ó pàtẹ́wọ́, ó jó yí tábìlì ká, obìnrin tó ti pé ọmọ àádọ́ta ọdún. “Ọ̀tá mi ti di ọ̀rẹ́ padà! Baálé mi, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yẹn.”

Mo ní màá bá a dúpẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, èmi fúnra mi ni mo ń ra èso wálé. Láàárọ̀, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì, ó ń mu omi ọsàn. Lọ́sàn-án, ó ń mu omi àgbọn. Nírọ̀lẹ́, ẹ̀fọ́ tútù àti tòmátì. Bébà ń yí padà. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó di àwọ̀ ewé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọ̀ aró ti ń yọ níbẹ̀. Bí mo bá rí i láàárọ̀, súfèé ni mò ń fọn lọ síbi iṣẹ́.

“Òjò á rọ̀ lónìí o,” ni Wọ́n-ní wí. “Òkú tí kì í sọ̀rọ̀ ń fọn súfèé.”

Ọ̀gá kòtò, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ wa níbẹ̀, ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní, “Ahọ́n ń tán kíákíá lásìkò yìí.”

“Omi ló ń kan ju ti tẹ́lẹ̀,” ni mo fèsì.

Ó wò mí díẹ̀, ó lọ. Bí irọ́ kan bá ti wọlé, á ṣílẹ̀kùn fún àwọn àbúrò rẹ̀.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kejì ni kẹ́tùlù omi bọ́ lọ́wọ́ aya mi. Ó ní ọwọ́ òun kàn ṣàdédé dẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kejì, ó ní ẹsẹ̀ òun dà bí òwú. Ó ní nǹkan ń rìn òun ní ètè, bíi kí èèrà máa kọjá.

“Ṣé kò yẹ ká lọ rí wọn?”

“Ìdọ̀tí inú ara ló ń jáde,” ni mo sọ fún un. “Ìwé yẹn ní ó máa ń kọ́kọ́ rẹni.”

Ìwé kankan kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n-ní ló sọ ọ́.

Aránṣọ kan wà ní yàrá kejì sí tiwa tó mú aya mi bí ẹ̀gbọ́n. Ó máa ń kan ilẹ̀kùn wá yá abẹ́rẹ́, á sì jókòó títí. Ó bá aya mi nídìí àwo ọ̀gẹ̀dẹ̀.

“Àǹtí, ṣebí wọ́n ní ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ èyí?”

“Láyé àtijọ́ nìyẹn. Wọ́n ti pààrọ̀ ìwé.”

Aránṣọ kọjú sí mi. “Ta ló pààrọ̀ ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n?”

Kí n tó lanu, aya mi ti dá a lóhùn. “Ọkọ mi ló kà á fún mi. Ṣé o fẹ́ kọ́ ọ níwèé ni?” Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà fi eyín hàn.

Mo lè dá a dúró lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ ìwé náà kúrò, kí ni màá sọ pé ó dé? Ẹ̀tẹ́ pọ̀ lójú mi ju ẹ̀mí lọ. Mo kàn ń sọ nínú ara mi pé bébà ṣáà ń dára sí i.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ń wọ bàtà iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilé ìdáná.

“Baálé mi, ẹsẹ̀ mi kò dá mi lóhùn mọ́.”

Ó wà lórí àpótí, kò lè dìde. Mo fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń lù, á dúró, á tún lù, bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Mo pariwo pe Aránṣọ. Ó wọlé tòun ti téèpù ìwọ̀n lọ́rùn.

“Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sílé ìwòsàn!”

“Ọ̀túnla ni wọ́n ní kí ó wá,” ni mo wí.

“Ọ̀túnla kẹ̀?”

Mi ò mọ ohun tó wọ̀ mí. Mo sáré sílé ìwẹ̀, mo mú bébà àárọ̀ yẹn jáde, ó ti di àwọ̀ aró gidi. Mo nà án sí i. “Wò ó! Wò ó fúnra ẹ! Ara ẹ̀ ti ń dáa!”

Aránṣọ wo bébà, ó wo aya mi, ó wá wò mí bíi pé kò rí mi rí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí kò lè dìde ni mo fi hàn yín, ẹ̀yin ń fi bébà hàn mí?”

Ó ti jáde lọ pe mọ́tò. Nígbà tó padà, ó já ìwé ara ògiri, ó kì í sínú báàgì rẹ̀. “Kí àwọn náà lè rí ohun tí wọ́n ní kó jẹ,” ó wí. N kò lè sọ pé kó má mú un.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n lẹ okùn wẹ́wẹ́ mọ́ aya mi láyà. Ẹ̀rọ kan ya lílù ọkàn rẹ̀ sórí bébà gígùn, dókítà sì fa bébà náà gba àárín ìka rẹ̀ kọjá. N kò rí kí ojú èèyàn yí padà kíákíá bẹ́ẹ̀ rí. Ó pe abẹ́rẹ́. Ó pe omi. Ó ní kí wọ́n lọ ṣí yàrá ẹ̀rọ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Oúnjẹ sáré wọlé. Ó tẹ̀ ba létí ibùsùn. “Màmá, kí lẹ ti ń jẹ láti ọjọ́ mẹ́ta yìí?”

Aya mi, pẹ̀lú bó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, orí ni ó fi ń ṣe ìwé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí mo ṣe kà á fún un gẹ́lẹ́.

“Ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọsàn. Tòmátì. Omi àgbọn. Píà. Ẹ̀fọ́ tútù. Mi ò fo ọ̀kan o. Gbogbo ohun tí ẹ kọ fún mi ni mo ṣe.”

“Èmi? Ibo ni mo kọ ọ́ sí?”

“Nínú ìwé yín tuntun. Ẹ ṣé gan-an, ẹ dá ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi padà fún mi.”

“Màmá, a ò ní ìwé tuntun kankan.”

Aránṣọ ṣí báàgì. Ó na ìwé ara ògiri náà sí i. Nọ́ọ̀sì kà á, ojú rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí ìlà kan dé ìkejì. Nígbà tó gbé ojú sókè, kò wo aya mi mọ́. Èmi ló ń wò. Dókítà náà yíjú. Aránṣọ yíjú.

Aya mi ló yíjú kẹ́yìn. Ó wò mí títí. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń dún, á dákẹ́, á tún dún.

“Mo bi yín léèrè,” ó wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. “Mo ní, ‘Ṣé ti ilé ìwòsàn ni?’ Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni.”

Ì bá ṣépè. Ì bá sunkún. Ì bá sàn fún mi. Wọ́n ti ibùsùn rẹ̀ jáde, wọ́n gbé e gba ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn wọlé, yàrá tí mo ṣèlérí pé kò ní dé.

Dókítà bá mi lórí bẹ́ǹṣì. Mo rò pé yóò pariwo. Ó jókòó ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé: ó ní ẹ̀jẹ̀ ń kan, mo sì mọ̀ nípa kíkan, mo dán an wò láràárọ̀, bébà sì ń yí sí rere.

“Kí lẹ ń ti bébà bọ̀?”

“Ìtọ̀ ni.”

“Bàbá, ìtọ̀ ni ohun tí ara dà nù. Èso àti ẹ̀fọ́ lè yí àwọ̀ ìtọ̀ padà lóòótọ́. Kò fi hàn yín ohun tó kù sínú ẹ̀jẹ̀. Irú iyọ̀ kan wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn, pọtáṣíọ̀mù. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá á tọ̀ ọ́ dànù. Tìyàwó yín kò lè tì í jáde. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń kó jọ sí, ọkàn ló sì ń mú dúró.”

Ó ṣì ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èmi ti padà sẹ́bàá kòtò mi. Mo ń gbọ́ ohùn ara mi tí mò ń kọ́ ẹni tuntun: má ti ahọ́n bọ ẹnu páìpù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń tọ́ ẹnu páìpù wò, tí mò ń fọn súfèé, tí inú kòtò ń hó.

“Ṣé yóò kú?” ni mo bi í.

“Ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́ ná,” ó wí, ó sì dìde.

Kò kú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọkàn rẹ̀ ti ń lù bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n kíndìnrín rẹ̀ kò padà sí bó ṣe wà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń lọ sídìí ẹ̀rọ nísinsìnyí. Mo bi dókítà bóyá èmi ni mo fà á. Ó ní ọjọ́ kan ó lè débẹ̀ náà, ó lè jẹ́ ọdún tó ń bọ̀, ó lè jẹ́ ọdún mẹ́wàá sí i, kò sẹ́ni tó mọ̀. “Kò sẹ́ni tó mọ̀” yẹn ni mo ń bá sùn, tí mo ń bá jí.

Mo jẹ́wọ́ páálí ahọ́n fún ọ̀gá kòtò. Ó bá mi wí, ó ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Wọ́n-ní wá bá mi, ó ní, “Wọ́n ní…” ó sì dákẹ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò parí rẹ̀. N kò bá a jà. Ìwé lásán ló fún mi. Èmi ni mo kà á ní orúkọ ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tí ara ẹni yín kò yá, ẹ gbọ́ tèmi. Kì í ṣe pé èso burú. Nọ́ọ̀sì Oúnjẹ fúnra rẹ̀ sọ pé ohun tó ń wo ẹnì kan sàn lè gbẹ̀mí ẹnì kejì, pé ẹni tó mọ inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ èyí tó tọ́ sí ta ni. Bí ìwé méjì bá ń ta ko ara wọn, ẹ kó méjèèjì lọ bá dókítà. Kó fi yín ṣẹ̀sín bó bá fẹ́. Ẹ̀sín kì í dá ọkàn dúró.

Nílé wa, aya mi ń dá mi lóhùn, ó ń bá mi ṣeré díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bébà bá wọlé, kì í gbé e fún mi mọ́. Lẹ́tà ọmọ ni o, ara ìgò oògùn ni o, á gbé e kọjá níwájú mi, á kan ilẹ̀kùn Aránṣọ. Èmi á jókòó, màá máa gbọ́ ohùn ẹlòmíràn láti ẹ̀yìn ògiri.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ kà yìí, ó tó oṣù kan tí mo ti ń kọ ọ́. Ìrọ̀lẹ́ àná ni mo parí rẹ̀. Mo sọ fún aya mi pé mo fẹ́ fi ránṣẹ́ kí àwọn èèyàn lè kọ́gbọ́n. Ó pa iná ìkòkò, ó jókòó.

“Ẹ kà á fún mi.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ náà. Mo kà á díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe máa ń kàwé. N kò fo ibì kankan, títí kan ibi tó ti jó yí tábìlì ká. Mo parí. Ó na ọwọ́, ó gba bébà náà, ó dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn kejì.

Aránṣọ dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. Mo jókòó sórí àpótí ilé ìdáná, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń ka ìtàn mi láti ìbẹ̀rẹ̀, gbólóhùn kan tẹ̀ lé èkejì, títí ó fi parí. Bí mo ṣe kà á náà ló kà á.

Ilẹ̀kùn ṣí. Aya mi padà wọlé, ó gbé bébà náà lé mi lórí orúnkún.

“Ó bára mu,” ó wí. “Ẹ fi ránṣẹ́.”